Ẹjọ́ Fáànù tí Kò Yí

Ẹni tí ó bá mọ alùpùpù nípasẹ̀ ọ̀kadà nìkan lè ṣàì mọ̀ pé àwọn alùpùpù kan wà tí ń mu omi. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lára: a ṣe irin rẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí lẹbẹ ẹja, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, bí ọkọ̀ bá sì ti ń rìn, ó tó. Irú èyí ni ó kún Ṣómólú àti Bàrígà tẹ́lẹ̀, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fi òfin dè wọ́n níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, 2022. Lára irú èyí náà ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa ti kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, bí alùpùpù ńlá onírádíétọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn a máa wò ó bí àlejò tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Irú rẹ̀ ni èmi ń gùn, Honda tòkunbọ̀ kan, láti Bàrígà lọ sí Ṣómólú níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, láti lọ kó ìwé bọ̀. Omi ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká. Omi náà a gba ooru, a sì gbé e lọ sínú rádíétọ̀ níwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣí, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí a bá dé Onípanu ní ìrọ̀lẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì kò sì dẹ́kun àtimáa gbóná. Nígbà náà ni fáànù kékeré tí ó wà lẹ́yìn rádíétọ̀ gbọ́dọ̀ yí.

Ta ni yóò sọ fún un pé àkókò tó? Swíìṣì kan ni, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí a dè mọ́ rádíétọ̀ kí ìdí rẹ̀ lè máa kan omi. Nínú rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí a fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ti fi irú irin bẹ́ẹ̀ han àwọn ọmọ lórí àtùpà: bí ooru bá mú un, ọ̀kan a gùn ju èkejì lọ, irin náà a sì tẹ̀. Nínú swíìṣì yìí, títẹ̀ náà ni ó ń so ojú iná pọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ooru omi bá tó bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, irin a padà sí ipò rẹ̀, fáànù a sì dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná pupa tí ń kìlọ̀ ooru tàn lójú ọkọ̀ mi bí mo ti ń ti Ṣómólú bọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì ti ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Bàrígà, ẹni tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti bá mi fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ wò ó díẹ̀, ó ní fáànù ti jóná. Ó ní omi tí ọmọ náà fi ẹ̀rọ tú sí i ni ó pa á, àti pé nínú owó oúnjẹ rẹ̀ ni òun yóò ti máa yọ owó fáànù tuntun. Ọmọ náà kò ju bí ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Kò fèsì, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ẹ̀sùn asán pátápátá, nítorí omi tí a fi agbára tú lè wọ ojú waya kí ó sì mú un dípẹtà. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a bi fáànù fúnra rẹ̀ léèrè ná.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Olùkọ́, ṣé fáànù a máa fọhùn ni?”

Ọmọ náà ti na ọwọ́ sí ọmọrí rádíétọ̀ láti wo omi, mo sì yára dá a lẹ́kun. Ọmọrí yẹn ń há omi mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí omi lè gbóná ju 100 lọ láìhó. Bí a bá ṣí i lójijì, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú jáde sí ojú ẹni tí ó ṣí i. A jókòó títí ọkọ̀ fi tutù. Omi pé. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí bí omi bá ti fà, swíìṣì lè wà nínú òfìfo, kò sì lè mọ ooru omi tí kò kàn án. A yọ fíúsì wò: okùn inú rẹ̀ kò já.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó tóbi jù. Lórí ọkọ̀ tèmi, iná ń ti bátìrì wá, a gba ibi kọ́kọ́rọ́, a gba fíúsì, a wọ inú fáànù, a sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ swíìṣì, èyí tí yóò jẹ́ kí ó kọjá sí ara irin ọkọ̀ láti padà sọ́dọ̀ bátìrì. Swíìṣì ni aṣọ́bodè ìkẹyìn. Bí a bá yọ waya orí rẹ̀, tí a sì fi kan irin ọkọ̀ tí ó mọ́, a ti gba ẹnu-bodè kọjá láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fáànù bá yí, òun àti fíúsì àti waya wọn bọ́ nínú ẹ̀sùn. Bí kò bá yí, láàárín bátìrì àti fáànù ni kí a ti wá ẹ̀bi. (Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni a so báyìí. Swíìṣì mìíràn ní waya méjì, àwọn méjèèjì ni a ó sì fi kan ara wọn. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ fún fáànù wọn, ìdánwò yìí kò sì bá wọn mu.)

Mo ní kí ọmọ náà mú ìka rẹ̀ kúrò nítòsí fáànù, kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì fi waya náà kan irin. Fáànù tí a ti kéde ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí fùù.

Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, ó dára bẹ́ẹ̀. Kí a so waya náà mọ́ irin títí láé, kí fáànù máa yí nígbàkígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣí. Ọ̀pọ̀ riwáyà ní Èkó ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá ẹni tí ó ṣe é láti délé ní òru jà. Ṣùgbọ́n oògùn tí a ń lò títí ayé kọ́ ni. Fáànù tí kì í sinmi yóò tètè gbó. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń rọra yí, yóò máa fa iná bátìrì. Ẹ́ńjìnnì yóò sì máa pẹ́ kí ó tó gbóná tó bí ó ti yẹ.

Ní ọjọ́ kejì a yọ swíìṣì náà. Omi lásán ń hó ní 100, ó sì lè máà tó fún ìdánwò náà; nítorí náà omi rádíétọ̀ tí a pò mọ́ oògùn rẹ̀ ni a dà sínú agolo, a sì gbé e ka iná. Mo fi okùn so swíìṣì rọ̀ kí ìdí rẹ̀ nìkan wọ inú omi, mo fi òṣùwọ̀n ooru sí i láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ agolo, ọmọ náà sì di mítà mú. Ó ń ka ooru sókè: 90, 95, 100, 104. Mítà kò dún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, swíìṣì ni.”

Wíwá òmíràn gba ọ̀sẹ̀ kan. Olùtajà kan fi ti mọ́tò hàn mí, tí ẹnu rẹ̀ wọ ihò náà dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ooru tí ó wà lára rẹ̀ ga ju ti ọkọ̀ mi lọ. N kò gbà á. Èyí tí mo rà ni a kọ́kọ́ dán wò nínú agolo kan náà, ó sì dún kí ooru tó kọjá 100. A kò fi téèpù wé ẹnu rẹ̀ nípọn, nítorí láti ẹnu náà ni iná ti ń kọjá sí ara irin. A rọ omi, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ fáànù dìde fúnra rẹ̀. Ó yí títí omi fi tutù díẹ̀, ó sì dúró. Ọ̀gá kò dárúkọ owó oúnjẹ mọ́. Ó ní kí ọmọ náà kó irinṣẹ́ wọlé, kí ó sì lọ jẹun.