Ka Èémí Ná, Kí O Tó Wá Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ló wà lójú gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí a jọ wọ wọ́ọ̀dù lọ́dún yẹn: sílíńdà ọ́síjìn, ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, rọ́bà oríṣiríṣi. Nọ́ọ̀sì àgbà tó gbà wá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Wọ́ọ̀dù, kò jẹ́ ká fọwọ́ kan ìkankan. Aago ọwọ́ ló ní kí kálukú lọ wá. “Ẹ lọ ka èémí wá,” ló wí, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Èémí kíkà ní ọgbọ́n nínú. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun kì í mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. A ó di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn, ojú wa á sì wà ní igbáàyà rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20. Ti ọmọdé yàtọ̀: bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó ìgbà 60, tí ọmọ oṣù 2 sí 11 mí tó 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 5 mí tó 40, èémí náà ti yá jù. Bó bá ń wúkọ́ pẹ̀lú, òtútù àyà ni a ó kọ́kọ́ fura sí.

Iye nìkan kọ́ ni Màmá ń wá. Ó ní ká wo ihò imú tó ń fẹ̀, ìsàlẹ̀ àyà tó ń wọnú bí ọmọ bá fa èémí, àti ẹni tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, tó tẹ̀ síwájú tó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Ó tún ní ká máa fi kíkí yẹ aláìsàn wò. Bàbá kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó jẹ́ pé bí a bá ti kí i pé “Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá,” àdúrà ni yóò fi dá wa lóhùn, láti orí iṣẹ́ wa dé orí ọkọ tí a kò tíì ní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní “Ẹ ṣé,” ó mí. Ó ní “ọmọ mi,” ó tún mí. Màmá kò dúró gbọ́ ìyókù. Kí n tó wo aago, ó ti gbé Bàbá jókòó, ó sì ti ránṣẹ́ pe dókítà.

Etí náà níṣẹ́ tirẹ̀. Èémí tó ń súfèé, ọ̀nà rẹ̀ ló fún. Èyí tó ń dún kùrùkùrù, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí itọ́ ló wà lọ́nà. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni híhanrun ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Inú àwọn ẹbí á máa dùn: “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun o, ó ti sùn.” Kò sùn o! Ahọ́n rẹ̀ ló ṣubú sẹ́yìn, tó fẹ́ dí ọ̀fun. Bí ọrùn rẹ̀ kò bá fara pa, a ó tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, a ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, a ó wá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè dà síta.

Nígbà tí a fi máa dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ojú wa ti là díẹ̀. Wọn kì í fà á torí pé aago lù. Bí kùrùkùrù bá wà, tí aláìsàn kò sì lè wú u jáde fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni. A ó kọ́kọ́ fún un ní ọ́síjìn, a ó ti rọ́bà wọlé láìfà, ìgbà tí a bá ń yọ ọ́ bọ̀ ni a ó fi àtàǹpàkò dí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè fà. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 lọ, nítorí bó ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn aláìsàn. Màmá ní kí kálukú di èémí tirẹ̀ mú bí rọ́bà bá ti wọlé. Ẹni tí àyà bá ti ń há, kó yọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kò tiẹ̀ bèèrè iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀dì tí orí rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè mọ́, àga tí a dojú rẹ̀ dé sábẹ́ fóòmù a máa ṣe é. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn ń bẹ̀rù àtiwúkọ́. A ó ní kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́, kó ya ẹnu, kó fi agbára tú èémí síta bí ẹni tó fẹ́ nu dígí ojú rẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde, a ó máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Àwọn ìyá tó ń fi ẹnu fa ikun nímú ọmọ wọn, àwọn kan nínú wa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá ní iṣẹ́ wa náà ni wọ́n ń ṣe, àwa kàn ní rọ́bà ni. Ibi tí Màmá ti máa ń pariwo ni orí ọmọ tí gìrì mú: kí ẹnikẹ́ni má da àgbo tàbí epo sí i lẹ́nu, kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́, torí inú ẹ̀dọ̀fóró ni nǹkan olómi yẹn ń lọ.

Ti ọ́síjìn gan-an, àṣejù wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí á máa bẹ̀bẹ̀ pé ká fi kún un. Ẹni tí sìgá tàbí èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ tipẹ́, 88 sí 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni a sábà máa ń fẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí a há mọ́ ìka rẹ̀, kà. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, aláìsàn náà lè máa tòògbé lọ. Bí imú bá gbẹ, a kì í fi òrí tàbí róòbù pa á, torí òróró àti ọ́síjìn lè gbaná. Ẹ̀rọ ìka yẹn fúnra rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà sòótọ́. Làálì lórí èékánná lè dà á láàmú, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 sì fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà kò rí lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Aago kò mọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bí mi nínú báyìí ni ṣáàtì tí wọ́n kọ 20 sí fún gbogbo wọ́ọ̀dù, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Wọ́ọ̀dù tí gbogbo èèyàn ti ń mí bákan náà kò sí. Bí mo bá gbaṣẹ́ tí mo bá irú rẹ̀, n kì í bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ni mò ń gbà lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ lé mi, a ó sì tún un kà.