Ìbọn Olówó Iyebíye

Ní Bouaké, ní agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọdẹ kan, ọmọ Èjìgbò, bi mí bóyá ìbọn olówó iyebíye kì í tàsé. Mo ní nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ìlú òyìnbó, mo yin irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí àmì ní 100 yáàdì. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju íǹṣì 1 síra wọn, mo sì fọ́nnu. Olùkọ́ wa ní kí n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí n máa jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ tutù. Ihò fọ́n tó íǹṣì 3. Ìbọn kò yí padà. Ẹ̀rí ìṣáájú ni kò tó. Ọdẹ tí ó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè kàn dá ẹran lọ́gbẹ́.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, ojú tì mí. Ẹ̀yin olùkọ́, èmi yìí ti fi ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ ìwé tí ó dá ìgbéga olùkọ́ kan dúró.