Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí mo fi du bàbá mi ní Malta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú, kì í sì í ṣe ti òṣèré tó lé ìyàwó ẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá tó bí mi ni. Mọ́tò funfun kékeré kan ló dá a sílẹ̀, mọ́tò ọ̀hún kì í sì í ṣe tiwa, ńṣe la háyà ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mo máa ń pè ní Àǹtí, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Bàbá ń gbé láti ọdún 2021, nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, tí àwọn dókítà ní glaucoma ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 tí mo lọ kí wọn, Àǹtí ní iṣẹ́ òru ti fẹ́ẹ̀ pa òun, òun fẹ́ lọ sinmi níbi tí oòrùn wà, ká jọ lọ sí Malta fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní ṣé oòrùn ló ń wá ni, ṣebí ó wà ní Agége lọ́fẹ̀ẹ́. Kò dá mi lóhùn. Ti wàhálà físà tí mo rí kí n tó lè bá wọn lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, odindi ìwé ìròyìn kan ni yóò gbà.

Àwọn tó bá ń ka Bíbélì ti gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí. Erékùṣù tí wọ́n pè ní Melita nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi Pọ́ọ̀lù ti fọ́, tí ejò so mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò sì rí i gbé ṣe, Malta náà nìyẹn. Àárín òkun Mediterranean ló wà, nísàlẹ̀ Sicily ilẹ̀ Ítálì. Kò tóbi rárá. Láti òpin kan dé ìkejì kò tó kìlómítà 30, bẹ́ẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lé ní 100. Ìjọ Àgùdà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ èdè wọn bá èdè Lárúbáwá tan. "Alla" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì wọn, "Randan" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ká pe àwọn tó ń torí ẹ̀sìn bára wọn jà nílé wa kí wọ́n wá gbọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló jọba lé wọn lórí fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Ọdún 1964 ni wọ́n gbòmìnira, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tiwa. Wọ́n gbòmìnira tán, wọn ò kúrò lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà títí dòní, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn mọ́tò wọn wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan bàbá mi gan-an nìyẹn.

Dẹ́rẹ́bà ni Bàbá. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ọ̀gá tó ń wọ táì o, dẹ́rẹ́bà lọ́rí ni. Ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń wa lọ́rí láti Ìbàdàn lọ sí Kánò, tí wọ́n ń kó orógbó àti obì lọ, tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà bọ̀. Owó ẹ̀ ni wọ́n fi rán mi lọ sí Póòlì. Nígbà tí wọ́n kọ́ mọ́tò, ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà náà ń gbà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, lọ́jọ́ Àjíǹde gan-an, nìjọba Gowon ní kí gbogbo mọ́tò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá máa ń sọ pé lọ́sẹ̀ yẹn, àgbà dẹ́rẹ́bà tó ti ń wakọ̀ fún ogún ọdún wá di ẹni tó ń bi ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò léèrè pé, "Ibo ni ká gbà?" Ìtàn náà kì í sú wọn. Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí sọ pé ọwọ́ òsì ni Malta ń gbà, ńṣe lojú Bàbá là. Ní London, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan sítíárìn.

Ìgbà tá a dé ibi tí wọ́n ti ń háyà mọ́tò ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè pé ta ló máa wà á. Bàbá fọwọ́ lu àyà. Ọmọbìnrin náà béèrè ọjọ́ orí wọn. Bàbá ní 76, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iléeṣẹ́ àwọn kì í fún ẹni tó bá ti lé ní 70 ní mọ́tò wà. Àǹtí wá ń wá bó ṣe máa rọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí ẹ̀yin sinmi."

Bàbá ní, "Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wa.

Orúkọ Àǹtí ni wọ́n kọ sórí ìwé nítorí káàdì báńkì ẹ̀ la lò, èmi ni wọ́n kọ tẹ̀ lé e pé màá máa bá a wà á. Owó háyà kò pọ̀, àmọ́ wọ́n ti yúrò 1,200 mọ́ inú káàdì ẹ̀, wọ́n ní bí nǹkan kan bá ṣe mọ́tò, ibẹ̀ làwọn ti máa yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí, ẹ gbọ́ o: inṣọ́ránsì tí wọ́n ní ó wà nínú owó háyà yẹn kì í gba èèyàn lọ́wọ́ irú owó yìí. Wọ́n máa ń ní kéèyàn tún ra òmíì kún un, owó ojoojúmọ́ ni. Àǹtí ní òun ò rà. Ohun míì tún wà nínú ìwé náà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: bí ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ bá wa mọ́tò yẹn, inṣọ́ránsì ti wọgbó nìyẹn.

A jáde sínú oòrùn. Mo ti fẹ́ wọlé, àfi bí Bàbá ṣe ní kí n dúró. Wọ́n yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ra táyà, wọ́n fìka tọ ríìmù yípo. "Ya èyí." Mo fi fóònù yà á. "Ya ìyẹn náà." Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn wa ti ń wò wá. Wọ́n fìka tọ́ka síbì kan lára ríìmù iwájú lọ́wọ́ òsì, ibi tó họ náà kò ju èékánná lọ. Mo fi han ọmọkùnrin tó kó kọ́kọ́rọ́ fún wa, ó ní ìyẹn ò tó nǹkan, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ní, "Ya á dáadáa." Mo yà á tòun ti ìka wọn. Fọ́tò 23 ni mo yà, inú ń bí mi.

Ká má parọ́, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn, Ọlọ́run ló yọ mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ yí jíà, ilẹ̀kùn ni ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbá, jíà ti wà lọ́wọ́ òsì. Ìgboro wọn há, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún lósì, ráńdábáòtù pọ̀ ju ilé ìtajà lọ, ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Ọmọ Èkó ni mí, mo rò pé mo mọ ìwàkuwà, ṣùgbọ́n àwọn ará Malta náà gbóná, wọn ò rí ti àlejò rò. Bàbá ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò kígbe. "Fà mọ́ òsì. Jẹ́ kó lọ. Ó yá, wọlé." Ojú wọn ò rí ẹ̀gbẹ́ títì dáadáa mọ́, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ," lóòótọ́ ló sì máa ń wà níbẹ̀.

Mo gbádùn ọjọ́ kejì. A lọ sí Mosta, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí òrùlé ẹ̀ rí róbótó bí igbá ńlá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1942, nígbà ogun Hitler, bọ́ǹbù já òrùlé náà, ó bọ́ sáàárín àwọn olùjọ́sìn tó lé ní 200, kò sì bú. Bàbá wo òkè fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Hùn." Ohun tó wú wọn lórí ju ìyẹn lọ ni bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń gbé àwọn àlejò kiri. Títí di ọdún 2011, àwọn dẹ́rẹ́bà ibẹ̀ ló ni bọ́ọ̀sì wọn fúnra wọn, wọ́n á kùn ún, wọ́n á ya àwòrán sí i, wọ́n á gbé ère ẹni mímọ́ síwájú, wọ́n á kọ ohun tó bá wù wọ́n sí i lára. Ìjọba kó wọn kúrò nílẹ̀ lọ́dún náà. Bàbá ní, "Mólùẹ̀ ni," wọ́n sì fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

Ọjọ́ karùn-ún la sọdá sí Gozo, erékùṣù kékeré kejì wọn. Èèyàn á wa mọ́tò wọnú ọkọ̀ ojú omi ní Ċirkewwa, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ló sì gbà ká tó dé èbúté Mġarr. Wọn kì í gbowó tẹ́ ẹ bá ń lọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ni. Àǹtí ní àwọn yìí gbọ́n, ọ̀nà wo lèèyàn fẹ́ gbà sá lọ? A lọ wo etíkun Dwejra, níbi tí fèrèsé òkúta tí wọ́n máa ń yà sórí kàlẹ́ńdà wà tẹ́lẹ̀. Ó wó sókun lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2017. Òkun nìkan ló kù níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a dé ibi tí wọ́n ti ń fi oòrùn yan iyọ̀ ní Xwejni. Àǹtí ti bọ́ bàtà, ó ti lọ sísàlẹ̀ létí omi. Títì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sẹ́nì kankan, kò sí mọ́tò kankan. Bàbá dúró ti mọ́tò, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí. Wọ́n na ọwọ́ kejì sí mi.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Débi òkúta yẹn lásán, kí n sì padà."

Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn pọ̀. Yúrò 1,200 Àǹtí. Ìwé tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú wọn. Òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí mo bá sọ ìkankan nínú ẹ̀ lójú ara ẹ̀, wọ́n á bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Bàbá, ọwọ́ Àǹtí ló wà."

Bẹ́ẹ̀ ìka mi ni kọ́kọ́rọ́ náà so mọ́, ó ń ró ṣaworo. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Láti ìgbà tá a ti dé, iwájú ni wọ́n ń jókòó. Bá a ṣe ń padà lọ, mo dé ráńdábáòtù kan, mo ń retí kí n gbọ́ "fà mọ́ òsì". N ò gbọ́ nǹkan kan.

Báyìí la ṣe wà títí di ọjọ́ tá a dá mọ́tò padà. Ọkùnrin kan tá ò rí rí ló gbà á, ó tan tọ́ọ̀ṣì yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ríìmù iwájú, ó dìde, ó ní yúrò 350. Ó ní a ti fi ríìmù họ ògiri. Àǹtí ò lè sọ̀rọ̀. Mo mọ iye òru tó máa fi wà lẹ́sẹ̀ kó tó rí iye yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkùnrin náà jiyàn, èmi gan-an ò sì mọ̀ bóyá èmi ni mo họ ọ́ lóòótọ́, ìgboro Gozo há.

Bàbá wà lórí ẹrù níbi tí wọ́n jókòó sí. "Kí ló wí?"

"Ó ní a họ ríìmù."

"Ríìmù wo?"

"Ti iwájú, lọ́wọ́ òsì."

"Gbé fóònù ẹ jáde."

Àṣé mo ti gbàgbé pátápátá. Fọ́tò kọkànlá ló jẹ́. Ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, ìka bàbá mi náà wà níbẹ̀ tó tọ́ka sí ojú ibi tó họ gan-an. Ọkùnrin náà fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó tún fẹ̀ ẹ́, ó lọ pe ẹnì kan lórí fóònù, ó dé, ó ní kò sí wàhálà. Kò bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà tá a padà dé London ni wọ́n tú gbogbo 1,200 náà sílẹ̀ fún Àǹtí.

Nínú bàálù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Bàbá jókòó sí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ti kọ́kọ́rọ́ ọjọ́sí."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?" Wọ́n dákẹ́, ó tó ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣebí o lè sọ pé o ò ní í fún mi. Ọmọ dẹ́rẹ́bà ni ẹ́, o mọ ìgbà tí wọn kì í fún èèyàn ní mọ́tò. Èwo wá ni ti irọ́?"

Oṣù Ọ̀pẹ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ń bọ̀ nílé. Mo ti lọ wo pápá iléèwé kan lẹ́yìn Ológunẹ̀rù n'Íbàdàn. Ó fẹ̀, kò sí ògiri nítòsí, kì í sí ọmọ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mọ́tò mi ni, kò sí ìwé ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Àǹtí ti gbọ́ nípa ẹ̀, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó pè mí lálẹ́ àná, ó ní tóun bá gbọ́ pé ọwọ́ Bàbá kan sítíárìn, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Mi ò tíì pè é padà.