Owó Tí Orúkọ Rẹ Wà Lórí Rẹ̀

Ọjà Gbági Tuntun,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fèsì sí láàárín oníbàárà méjì, ìdí nìyí tí mo fi dúró di alẹ́, tí mo jókòó kọ lẹ́tà. Inú wa dùn pé owó oṣù àkọ́kọ́ ti wọlé láti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí o ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí etí wa ó sinmi lórí rẹ̀. O wá sọ pé Dàpọ̀ ní bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, kí owó oṣù rẹ máa wọ àkáǹtì òun tààrà. Òun á máa fún ọ ní owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀, òun á sì fi ìyókù kún owó ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní Ọbáńtokò, torí pé ara kan ni tọkọtaya. O ní ṣé ó burú.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọmọ náà láìdáa. Nígbà tó wá kí wa, mo wò ó dáadáa, ọmọ tó ní ìtẹríba tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó bá nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ má gbà, Àbẹ̀kẹ́. Owó tí o fi òru àti òógùn wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibi tí orúkọ rẹ wà, kí ìwọ fúnra rẹ tó mú nínú rẹ̀ fún ilé.

Àwọn kan á ní obìnrin tó ní àpò tirẹ̀ ti kọ́ ìwà òyìnbó. Irọ́ gbáà ni. Láyé àwọn ìyá wa, àpò ọkọ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀. Ọkọ tó bá mọ ojúṣe rẹ̀ á wá owó tí ìyàwó máa fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Láti ọjọ́ yẹn, èrè tó bá jẹ níbẹ̀ tirẹ̀ ni. Òun ló ń fi ra aṣọ, òun ló ń fi bọ́ sínú ẹgbẹ́, òun ló ń fi kún owó ilé ìwé ọmọ. Ìyá tó bí ìyá mi ta iyọ̀ àti irú títí ó fi darúgbó. Ọkọ rẹ̀ a máa yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ bí owó kòkó bá pẹ́ dé, tó bá sì dé, á ka owó náà lé e lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó rò pé ìfẹ́ ti dín kù láàárín wọn.

Ìlú tí o ń gbé yẹn gan-an, ẹ̀rí wà níbẹ̀. Láti 1918 ni ìjọba amúnisìn ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ wọn ń san. Wọn ì bá má dán irú rẹ̀ wò bí kò bá jẹ́ pé ó hàn sí gbogbo ayé pé aláàdìrẹ, alátẹ àti oníṣòwò oúnjẹ wọ̀nyẹn ní owó tí kì í ṣe ti ọkọ. Nígbà tí ìnira owó orí náà pọ̀ jù, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta gbé e kojú àfin Aké ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tú jáde, wọn kò sì simi títí Aláké Adémọ́lá fi fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Wọ́n mú owó orí obìnrin kúrò. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó síwájú àfin yẹn. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tirẹ̀ nílé kò lè fi ọjà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣáájú wọn ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Ní 1856 wọ́n lé e kúrò ní Èkó tòun ti gbogbo agbára tó ní níbẹ̀. Abẹ́òkúta ló forí lé, ó tún òwò dá sílẹ̀, nígbà tó sì di 1864, òun ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó ta ènìyàn pẹ̀lú ọjà, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí ìlú kan lé e jáde, kò bá ẹnikẹ́ni tọrọ jẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ọbáńtokò yẹn. Obìnrin kan wà tí ìsọ̀ wa jọ kọjú síra, léèsì ló ń tà. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́ ilé. Owó léèsì ló ra púpọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì àti páànù, ṣùgbọ́n ọkọ ló ń lọ sọ́dọ̀ onísìmẹ́ǹtì, orúkọ ọkọ ló wà lórí ríṣíìtì, orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, ọkọ náà kò sì kọ ìwé ìhágún. Nígbà tó kú, ẹbí pé jọ. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá wọn. Ọkọ yìí ti bí ọmọ kan síta kó tó fẹ́ ẹ. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín ilé náà: ìyá méjì, ọ̀nà méjì. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí obìnrin yìí bí gba ìdajì, ọmọ kan ṣoṣo ti ẹnì kejì gba ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé inú ilé tó fi owó rẹ̀ kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ, kì í ṣe onílé. Ó lọ bá lọ́yà, lọ́yà sì bi í léèrè: ríṣíìtì tí orúkọ yín wà níbẹ̀ dà? Bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ náà yóò ṣe bi í. Kò sí èyí tó lè mú jáde.

Kì í ṣe pé ọkọ rẹ̀ burú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àwa tí a mọ̀ ọ́n sunkún rẹ̀. Òun náà kò ronú pé òun máa kú ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ra ilẹ̀, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni kó wà lórí ríṣíìtì àti lórí ìwé àdéhùn, kó tún wà lórí ìwé tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ìjọba bó bá yá. Ìwọ fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ, má kà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí báǹkì lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó òfin pẹ̀lú, ní kọ́ọ̀tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí, torí ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀ fún ìyàwó lórí ogún ọkọ tí ti ìbílẹ̀ kò fún un. Ohun kan tún ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: orúkọ tí wọ́n ń ní ká kọ sórí fọ́ọ̀mù báǹkì, ti ẹni tó sún mọ́ni jù lọ. Ẹni tí a bá kọ síbẹ̀ kì í ṣe àrólé. Ẹni tí báǹkì máa kàn sí ni. Bí kò bá gba ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́, kò ní rí owó náà gbà.

Nípa bí wàá ṣe máa ṣe owó oṣù náà, ohun tí àwa ọlọ́jà fi ń yè ni mo máa sọ fún ọ: a kì í jẹ ojú owó. Bí mo bá ta bọ́ńdù aṣọ kan, kí n tó ra búrẹ́dì, mo ti yọ owó tí mo fi rà á sọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ oṣù náà ní ojú owó, òun ló kàn ń gbàgbé. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò lọ sí àkáǹtì tí kò ní káàdì, kí o tó san ohunkóhun. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá le jù lóṣù tí iná tàbí gáàsì gbówó lórí, yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Má jẹ́ kí oṣù kan lọ lófo.

O ní àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù yín ní kí o wá bá àwọn dá èésú. Àjọ àti èésú kò burú, inú wọn ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n mọ ohun tí o ń rà níbẹ̀. Alájọ tó ń wá sí ìsọ̀ mi, owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀ lóṣù. Bí mo bá ń dá ₦2,000 lójúmọ́ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, ₦60,000 ni mo máa kó, ₦2,000 tó kù ti alájọ ni. Owó náà kò lé, ó dín ni. Ohun tí mo ń sanwó fún ni pé kò jẹ́ kí n ná an. Èyí tó sì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé bí alájọ bá sá, owó ti lọ nìyẹn, ìdí nìyí tí n kì í fi jẹ́ kí owó tó ju ti oṣù kan lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti èésú yàtọ̀. Ká ní ẹ jẹ́ méjìlá, tí ẹ ń dá ₦30,000 lóṣù, ₦360,000 ni ẹni tó bá kàn máa kó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti rí ẹ̀yáwó tí kò ní èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló yá gbogbo wọn lówó. Rántí 2024, nígbà tí ọjà fi ohun tó ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan: ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi ₦360,000 rà, ẹni ìkẹyìn máa nílò ohun tó lé ní ₦460,000 kó tó lè rà á. Iye kan náà ni wọ́n kó o! Torí náà, bí o bá fẹ́ wọ èésú, kí ó ní ohun tí o fẹ́ rà, kí o sì bẹ̀bẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá ní ohun tí o fẹ́ rà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé ìwòsàn yín sàn fún ọ. Wọ́n á máa yọ owó náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, àǹfààní ẹ̀yáwó sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá yá.

Fún owó tí o kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bọ́ọ̀ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ wà láti 2017. ₦5,000 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé ń wọlé. Èyí tó bá wà ní báǹkì, láti 2024 ni àjọ tó ń dáàbò bo owó ní báǹkì, NDIC, ti ń fọwọ́ sọ̀yà títí dé ₦5 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báǹkì ńlá kọ̀ọ̀kan. ₦500,000 péré ni tẹ́lẹ̀. Wá mọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ pẹ̀lú. Òfin 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó rẹ, kí agbanisíṣẹ́ fi mẹ́wàá kún un. Ìwọ ni kó yan ilé iṣẹ́ tó máa tọ́jú rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan fún ọ, kí o sì máa wò ó bóyá owó ń wọlé lóòótọ́. Láti 2019, àwa tí a kò ní ọ̀gá náà lè ṣí irú rẹ̀. Mo ti ṣí tèmi.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá ọ pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ wà níléèwé, sá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kan, MMM, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní oṣù kejìlá 2016. Ní oṣù kẹrin 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí owó wọn há sí i sì fi ìbínú kó ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó níbí. Má sì fi ọwọ́ kan lóònù orí fóònù.

Èyí tó máa nira jù fún ọ ni àwa, ẹbí rẹ. Gbogbo ayé ti gbọ́ pé o ń gbowó. Aṣọ ẹbí á máa tẹ̀lé ara wọn, àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ á máa pè. Ìyá rẹ àbúrò mi ni, mo lè sọ èyí: fún òun àti bàbá rẹ ní iye kan pàtó lóṣù, kó má yẹ̀, kí o sì jẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ pé èyí tó bá kù nínú iye tí o yà sọ́tọ̀ fún ẹbí ni wọ́n máa pín. Ní ti aṣọ ẹbí, aṣọ ni mo ń tà, mo sì ń sọ fún ọ pé kí o má ra gbogbo rẹ̀. Ra ti ẹni tí o máa lọ jókòó tì bí ó bá ń ṣàìsàn. Fún àwọn yòókù, wọ èyí tó wà nílẹ̀, mú ẹ̀bùn kékeré dání.

Kí o tó bá Dàpọ̀ sọ̀rọ̀, jẹ́ kó jẹun. Sọ fún un pé o fẹ́ kí ẹ jọ ní àkáǹtì kan fún ilé, tí ẹ̀yin méjèèjì lè rí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, kí olúkúlùkù sì fi sí i bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì tìrẹ, kí tirẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìyókù, kí kálukú di tirẹ̀ mú. Bí ó bá bi ọ́ pé ṣé o kò fọkàn tán òun ni, sọ fún un pé o fọkàn tán an, pé ìdí nìyẹn tí o fi ń sọ ọ́ kí ẹ tó ṣègbéyàwó. Bí ó bá fara balẹ̀ gbọ́, ọkọ lo ní. Bí ó bá bínú, má bá a jà, ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́.

Wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí o kò bá níṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dára jù, èrò kì í pọ̀ lọ́jà. Mú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ Ọbáńtokò náà wá, kí Dàpọ̀ bá ọ wá bí àyè bá gbà á. Oníbàárà mi kan wà tó jẹ́ lọ́yà, á bá wa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń tà á gan-an ló ni ín. Ẹ má tíì san owó kankan fún onílẹ̀ náà, owó àsansílẹ̀ pàápàá.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Màmá Gbági.