Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ tán, ni ètè ọmọ bá tún ń ṣú

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọsibítù yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ṣé Ọlọ́run tó ti ṣe é tán lo tún fẹ́ máa dán wò ni?"

Ohun tí ìyá ọkọ sọ fún obìnrin kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, n'Ìbàdàn, nìyẹn, nígbà tó gbé ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ilẹ̀ Íńdíà dé, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Wọ́n pa ewúrẹ́, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Obìnrin náà bá ki káàdì ọsibítù bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ká sòótọ́, owó gan-an ti tán lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí ètè ọmọ tún fi ń ṣú. Tó bá gun òkè Màpó díẹ̀, á lóṣòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá àgbà ní iṣẹ́ ayé ni. Ìyá ọmọ ò dá a lóhùn, ó gbé ọmọ, ó di ọsibítù.

Àṣé kì í ṣe ayé rárá. Glenn ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fọ́mọ náà, orúkọ Dókítà William Glenn ará Amẹ́ríkà, tó ròyìn ẹ̀ lọ́dún 1958. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo nínú ọkàn wọn ló ń tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n á so iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti orí àti apá mọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ gba afẹ́fẹ́ láì gba inú ọkàn kọjá.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń tira wọn lójú ọ̀nà tuntun yìí. Ẹ wo Bẹẹrẹ: tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti wà, ṣebí kọ̀rọ̀ làwọn onímáíkírà ń já gbà? Bẹ́ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe. Iṣan tín-ń-tín á hù, èyí tó ti dí tẹ́lẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ yà láì dé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń mú ètè ṣú nìyẹn.

Wọn ò tún àyà ọmọ là. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ki gba iṣan ọrùn ẹ̀, wọ́n fi wáyà tó ká bíi sípírín dí àwọn kọ̀rọ̀ náà pa. Dókítà wá kìlọ̀ pé òmíràn ṣì lè hù, àti pé iṣẹ́ abẹ kan ṣì kù níwájú.

Ẹ̀yin òbí, ìdúpẹ́ dáa, àmọ́ ẹ má sọ káàdì nù.

Ní báyìí, tí ọjọ́ ọsibítù bá ti pé, ìyá àgbà ló ń kọ́kọ́ wọ bàtà. "Ìyàwó, káàdì ọmọ dà?"