Obì Tí Ó Pẹ́ Lójú Ọ̀nà

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìlú Paris, ọmọ Kpoulou kan kúrò nílé ní aago 8 òwúrọ̀. Ní aago 9 ni àwọn àgbà ilé yóò súre fún ẹgbẹ́ lórí tẹlifóònù. Ọwọ́ rẹ̀ sì ni obì wà.

Láti ọdún 1900 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà. Pátákó sọ pé ọkọ̀ ku ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 2 náà ni ó ṣì ń sọ. Ó jáde, ó fi ẹsẹ̀ rìn.

Ó rántí ibùdókọ̀ Adja-Ouèrè. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá aago fún èrò: bí ọkọ̀ bá kún, yóò gbéra. Olúkúlùkù a sì ti ilé múra sílẹ̀ fún ìdúró. Àdéhùn tí kò ṣẹ ń dunni ju ìdúró lọ.

Nígbà tí ó dé, àdúrà ti parí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ohùn àgbà kan dáhùn láti ilé: “Ire kì í tán lẹ́nu àgbà, ọmọ mi. Ẹ pa obì náà.”

Láti ọjọ́ náà, ibi ìpàdé ni obì ń sùn mọ́jú.