Gògóńgò Lọ́wọ́ Ọpọlọ

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn Bicêtre, lẹ́bàá ìlú Paris, tó jẹ́ pé "tan" ni gbogbo èsì rẹ̀. Wọ́n bi í ní orúkọ, ó ní "tan, tan." Wọ́n bi í bóyá ara ń ro ó, ó ní "tan, tan." Leborgne ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Tan ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, ọdún 21 ló sì lò níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ iye kan, ìka ọwọ́ òsì ló fi ń kà á, nítorí apá ọ̀tún ti rọ. Bí inú bá wá bí i débi tó le, èpè Faransé kan a já jáde lẹ́nu rẹ̀ geere, láìsí ìkọ́lọ́lọ̀ kankan.

Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1861. Paul Broca, oníṣẹ́ abẹ tó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn, la agbárí rẹ̀, ó sì rí i pé iwájú ọpọlọ lápá òsì ti bàjẹ́. Wọn kò ju ọpọlọ náà nù. Paris ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, nígbà tó sì di ọdún 2007, ìròyìn jáde pé wọ́n ti gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, pé ibi tó bàjẹ́ jìn wọ inú ju èyí tí Broca fojú rí lọ.

Èpè yẹn ló yẹ ká dúró tì díẹ̀. Ẹnu tó lè ṣépè bẹ́ẹ̀ kò yarọ. Ètè Tan ń ṣiṣẹ́, ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́; ẹni tí yóò to iṣẹ́ fún wọn ni kò sí mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà nílẹ̀ Yorùbá mọ irú rẹ̀ dáadáa. Bàbá kò lè ní kí wọ́n bu omi wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá orin ìsìn tó ti mọ̀ láti kékeré, yóò gbè é títí dé ìparí. Kíá, ẹnìkan nínú ilé á ní bàbá ń díbọ́n ni. Bàbá kò díbọ́n o. Orin, èpè àti àdúrà àkọ́sórí ti di odindi, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde nínú ọpọlọ sì yàtọ̀ sí ti gbólóhùn tí a ń hun lọ́tun. Apá ọ̀tún ọpọlọ wà lára ohun tó ń gbé orin ró. Láti torí èyí ni àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ṣe máa ń fi orin bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹnìkan tó lè pe "gbogbo". Ètè méjèèjì pa dé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà, ẹ̀yìn ahọ́n ti gòkè lọ lẹ̀ mọ́ àfàsé, ìyẹn ibi rírọ̀ lẹ́yìn àjà ẹnu. Tán-án-ná inú gògóńgò ń gbọ̀n, èémí ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, ètè àti ahọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá pẹ́ jù, ohùn mìíràn ni yóò jáde. Ètè á wá ká roboto, kí gbogbo rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣan tó lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ sísọ láti àyà dé ètè tó nǹkan bí 100. Sísọ ọ̀rọ̀ wà lára iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n jù tí ara ń ṣe, òun sì ni à ń ṣe bí ẹni ń ṣeré.

Ibi tí àṣẹ ti ń wá hàn kedere nígbà tí Wilder Penfield ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún àwọn tó ní wárápá ní Montreal. Ojú aláìsàn là kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Penfield á fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibì kan, á wo ẹ̀yà ara tó máa mira. Lọ́dún 1937, òun àti Edwin Boldrey tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: àyè tí ètè àti ahọ́n gbà lórí ọpọlọ ju ti ẹ̀yìn àti ikùn lọ fíìfíì. Bí iná náà bá kan ibi tó ń darí ohùn, aláìsàn á ké "aaa" láìfẹ́, kò sì ní lè dá a dúró. Ariwo lásán ni o. Kò sí ìgbà kankan tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde.

Láti ọpọlọ sí gògóńgò, okùn tín-ín-rín ló ń gbé iṣẹ́ lọ. Èyí tó wà lápá òsì kọjá ọ̀fun, ó wọ inú àyà lọ, ó yí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn wá po, kó tó tún gòkè padà. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ tó ń gé gẹ̀gẹ̀ fi ń rọra ṣe: bí ọ̀bẹ bá kan okùn yìí, ohùn aláìsàn lè há títí ayé. Okùn mìíràn tún wà, tó ń lọ sí iṣan tó ń fa tán-án-ná le. Bí onígángan ṣe ń fún ọṣán mọ́ra kí ìlù lè ké lókè ni iṣan yìí ṣe ń ṣe, tí ó bá sì dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ọ̀bọ náà ní gògóńgò àti iṣan, ṣùgbọ́n kò ní irú ọ̀nà tààrà tí ọpọlọ ènìyàn ní sí i, torí náà kò lè yan ohùn tí yóò lò bí ènìyàn ṣe ń yàn án.

Fún elédè Yorùbá, níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Lọ́dún 2018, Edward Chang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco kéde pé àwọn rí ibì kan lórí ọpọlọ tó jẹ́ pé gbígbé ohùn sókè àti sísọ ọ́ kalẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, láìka ohun tí ètè àti ahọ́n ń ṣe sí. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà léraléra, kí wọ́n máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní kí wọ́n kọrin. Ibì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Kódà ó ń mira bí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, síbẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọpọlọ àwọn tó ń sọ ọ́. Nígbà tí àwọn oníwádìí ní Shanghai wá wo àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè ilẹ̀ Ṣáínà tó ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, lọ́dún 2023, wọ́n rí i pé àwọn kan nínú ibi náà ń gbé ohùn sókè, àwọn mìíràn ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́dún 2023 kan náà, yàrá ìwádìí Chang mú kí obìnrin kan tún sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ọdún 18 tí rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ojú ìríná 253, tó ń gba iná mànàmáná ọpọlọ, ni wọ́n tẹ́ sórí ọpọlọ rẹ̀. Bó ṣe ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ láìsí ohùn, kọ̀ǹpútà ń ka àṣẹ tí ọpọlọ rẹ̀ ń pa fún ẹnu, ó ń kọ ọ́ jáde ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 78 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì tún ń sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ṣe láti inú fídíò ìgbéyàwó rẹ̀.

Ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Bí a bá gbé irú rẹ̀ fún ẹni tó ń sọ Yorùbá, tí ó sì ka ètè àti ahọ́n nìkan, ẹni náà yóò béèrè ọkọ́, wọn yóò wá ọkọ̀ lọ. Àwọn ará Shanghai ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú Mandarin: kọ̀ǹpútà wọn ń ka sílébù lọ́tọ̀, ó ń ka ohùn lọ́tọ̀, kó tó pa méjèèjì pọ̀. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní. Yorùbá ní mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn tó ń yọ́ gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ láàárín sílébù kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe tiwa gbọ́dọ̀ ka ìwọ̀nyí náà mọ́ ọn.